Ọjọ́ Tí Ẹ̀rọ Kí Mi Kú Ọ̀fọ̀ Bàbá Mi

Òórùn dòdò Ìkirè ni mo máa ń kọ́kọ́ rántí, dòdò dúdú tí epo rẹ̀ ń gba inú ewé jáde, tí ata rẹ̀ ń ta nímú láti òdìkejì títì. Mo dúró lọ́dọ̀ obìnrin tó ń tà á nígbà tí fóònù mi dún. Ohùn obìnrin kan sọ Yorùbá tó dán mọ́rán sí mi létí: "Ẹ kú ọ̀rọ̀ èèyàn. A bá yín kẹ́dùn ikú bàbá yín. Ọlọ́run yóò kẹ́ wọn."

Mo dá ohùn náà mọ̀. Ẹ̀rọ ilé-iṣẹ́ wa ni. Kòkó la máa ń rà lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀, iṣẹ́ tèmi sì ni kí n máa lọ láti oko dé oko, kí n fi orúkọ olóko sílẹ̀. Búlọ́ọ̀kùṣéènì là ń kọ ọ́ sí, àkọsílẹ̀ tó wà lórí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà lẹ́ẹ̀kan náà, tí ẹnikẹ́ni ò lè pa ohun tó bá ti wọ ibẹ̀ rẹ́. Wọ́n tún so orúkọ, oko àti ẹbí mọ́ra kí ẹ̀rọ lè mọ ẹni tó jẹ́ ta sí ta. Ọgbọ́n àtọwọ́dá ló wá ń ka gbogbo rẹ̀, òun náà ló ń bá àwọn èèyàn sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Kò tíì parọ́ fún mi rí. Mo pe bàbá mi, fóònù wọn ò lọ. Obìnrin oní-dòdò ló bá mi dá ọ̀kadà dúró.

Mi ò rántí bí a ṣe dé Àpòmù, ìlú wa. Ohun tí mo mọ̀ ni pé mo wọ àgbàlá wa, mo sì rí bàbá mi tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ti kòkó tí wọ́n sá, tí wọ́n ń fọwọ́ yí i.

"Kí ló dé? Ta ló ń lé ẹ?"

Mo dì mọ́ wọn lẹ́sẹ̀. Nígbà tí mo rò ó tán, ìyá mi bú sẹ́rìn-ín, omijé sì ń bọ́ lójú wọn. Wọ́n ń ké sí àwọn aládùúgbò: "Ẹ wá wo òkú tó ń sá kòkó o!" Bàbá mi náà rẹ́rìn-ín.

Mo pe ọ̀gá mi. Wọ́n wò ó, wọ́n sì bẹ̀ mí. Ẹ̀rọ ti da èèyàn méjì pọ̀ ni: orúkọ àwọn méjèèjì bára mu délẹ̀, àgbẹ̀ kòkó sì ni wọ́n. "A ò lè pa á rẹ́ o," ni wọ́n wí, "àfi ká kọ ọ́ tẹ̀ lé e pé wọ́n wà láàyè." Inú bí mi. Mo ṣì ń jà lórí fóònù nígbà tí bàbá mi fọwọ́ kàn mí léjìká. Ẹ̀rín ti kúrò lójú wọn.

"Bi wọ́n, ta ló wá kú?"

Mo bi ọ̀gá mi. Wọ́n ní àgbẹ̀ kan ní Ìkirè ni, ọmọ rẹ̀ ló fi tó wọn létí láàárọ̀.

Bàbá mi jókòó sórí kòkó náà. Ilé-kéwú kan náà ni àwọn àti ọkùnrin yẹn jọ lọ ní kékeré, "olórúkọ mi" ni wọ́n sì ń pe ara wọn títí di àgbà. "Ìnnálílláhì," ni wọ́n ń wí, "olórúkọ mi. Olórúkọ mi." Ìyá mi bọ́ sínú ilé, wọ́n lọ mú fìlà wá fún wọn.

A dé Ìkirè kí wọ́n tó kírun sí olóògbé lára. Ọmọ rẹ̀ rí bàbá mi, ó dì mọ́ wọn, ó sì sunkún bí ẹni pé bàbá tirẹ̀ ló padà dé.

Mo ṣì ń bá irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ṣiṣẹ́. Wọ́n tún máa ń ṣàṣìṣe, a sì máa ń kọ àtúnṣe tẹ̀ lé e. Ṣùgbọ́n bí ẹnikẹ́ni bá ti sọ pé àṣìṣe ni, pé ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe tiwa, inú mi kì í tètè dùn mọ́. Mo máa ń kọ́kọ́ béèrè ẹni tó ni ín.