Ìpékeré Tí Kò Níyọ̀

Ọkọ mi fẹ́ràn ìpékeré ju bó ṣe fẹ́ràn mi lọ. N kò fi ṣàwàdà. Bó bá kó àgbàdo lọ sí Ìsẹ́yìn, ìpékeré inú ọ̀rá tí wọ́n ń tà ní gáréèjì ni yóò máa jẹ lẹ́yìn ọ̀kadà títí tí yóò fi padà délé ní Ìlerò, tí iyọ̀ àti òróró á kún irùngbọ̀n rẹ̀.

Lọ́jọ́ tí òòyì kọ́ ọ lóko, tó jókòó sáàárín ebè tí kò lè dìde, èmi ni mo tẹ̀ lé e lọ sí ilé ìwòsàn. Nọ́ọ̀sì de nǹkan mọ́ ọn lápá, ó wò ó, ó tún un wò. Ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru ni. Ó ní kó jáwọ́ nínú iyọ̀ àti ohunkóhun tí wọ́n bá fi òróró dín, àgàgà ìpékeré, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ yóò rọ lápá rọ lẹ́sẹ̀. Èmi ìyáálé ló kọjú sí tó ń sọ ọ́. Kí n má purọ́, inú mi dùn. Ó ti tó ọdún mẹ́jọ tí ọkọ mi ti fẹ́ ìyàwó kejì, ó sì ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti fi nǹkan kan tó jẹ mọ́ ọn lé mi lọ́wọ́.

Ẹnu dùn ún ròfọ́. Nọ́ọ̀sì ní kó máa jẹ èso dípò rẹ̀. Ṣé òun ni yóò wá rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún bó bá bèèrè ìpékeré lọ́sàn-án? Mo ronú títí, mo rántí bí ìyá mi ṣe máa ń yan ẹ̀pà nínú iyanrìn gbígbóná, láìkan òróró rárá. Mo kó iyanrìn lódò, mo jọ̀ ọ́, mo fọ̀ ọ́, mo sá a. Mo rẹ́ iṣu fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, mo dà á sínú rẹ̀. Iṣu tútù ni, gbogbo iyanrìn bá lẹ̀ mọ́ ọn. Ọkọ mi jẹ ẹyọ kan, ó tutọ́, ó bi mí pé ṣé kí òun ti máa jẹ erùpẹ̀ kí wọ́n tó sin òun ni.

Èmi náà kì í tètè gbà. Mo kọ́kọ́ sá iṣu náà sórí àpáta tí à ń sá èlùbọ́ sí, mo jókòó tì í nínú oòrùn, mo ń lé ewúrẹ́. Nígbà tó gbẹ tí mo tó yan án, iyanrìn gbọ̀n kúrò lára rẹ̀ bí ìgbà tí èèyàn yan ẹ̀pà. Ó ń ró lẹ́nu. Mo bu ata gbígbẹ díẹ̀ sí i. Iyọ̀ ńkọ́? Mo ti da gbogbo iyọ̀ ilé ìdáná mi nù, kí ọwọ́ mi má bàa ṣì bù ú. Odindi ọdún kan ni mo fi jẹ ọbẹ̀ tí kò níyọ̀ nítorí ọkùnrin yìí, èmi tí ẹ̀jẹ̀ mi kò ru.

Ó ń jẹ ẹ́. Ó ní ó dáa, ó ní kí n ṣeun. Àfi lọ́jọ́ kan tí mo gba ẹ̀yìnkùlé kọjá, tí mo gbọ́ tí òróró ń hó nílé ìdáná ìyàwó. Ọkọ mi jókòó lórí àpótí, ìpékeré ọ̀gẹ̀dẹ̀ wà nínú abọ́ lórí itan rẹ̀. Tèmi wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, adìyẹ ń ṣà á jẹ.

Inú bí mi débi pé mo ń kólòlò. Mo bi ìyàwó pé ṣé pípa ló fẹ́ pa á ni. Ó kúnlẹ̀, kò gbó mi lẹ́nu.

“Ìyáálé mi, ẹ má bínú. Inú wọn kàn máa ń dùn tí wọ́n bá ń jẹ ẹ́ ni.”

Ọkọ mi kò wojú mi. Mo dé iyàrá mi kí n tó sunkún, ó dùn mí wọ akínyẹmí ara. Mo ń wá bí n ó ṣe dá ẹ̀mí rẹ̀ sí, òun ń wá ibi tí inú rẹ̀ yóò ti dùn.

Kò pé oṣù méjì lẹ́yìn ìyẹn tí apá àti ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ fi rọ, tí ẹnu rẹ̀ wọ́, tí ohùn rẹ̀ sì lọ. Ta ni wọ́n gbé e wá bá? Èmi náà ni. Ìyàwó kò sá lọ o, òun ló ń pọnmi, òun ló ń fọṣọ, ṣùgbọ́n ìyáálé ni wọ́n ní kó máa bọ́ ọ. Wọ́n ní adùn ní í gbẹ̀yìn ewúro. Ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀ kò tíì jẹ tèmi.

Kò lè rún nǹkan mọ́. Mo gún ìpékeré inú iyanrìn mi kúnná, mo fi omi gbígbóná rò ó bí ẹ̀kọ, mo ń fi ṣíbí bọ́ ọ. Lójoojúmọ́ ni mo ń bá a sọ̀rọ̀, tí mo ń retí èsì. Mo mọ ohun tí mo fẹ́ gbọ́: kó dárúkọ mi, tàbí kó ní kí n má bínú. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó gbé ṣíbí kan mì, ó fi ọwọ́ òsì di ọwọ́ mi mú. Ètè rẹ̀ ń gbọ̀n. Mo gbé etí sún mọ́ ọn.

“Iyọ̀,” ló wí.

 Mo gbé abọ́, mo gba ẹ̀yìnkùlé lọ kan ilẹ̀kùn ìyàwó, mo ní kó bá mi bu iyọ̀ díẹ̀, kò sí nílé ìdáná mi.