Ẹ̀fọ́ Ìdí Ààtàn

Bí òjò bá rọ̀ mọ́jú, òórùn ààtàn ló máa ń jí wa nílé wa lẹ́yìn Ìbarà. Wọ́n ti ṣíwọ́ dída ilẹ̀ síbẹ̀ kí wọ́n tó bí mi, koríko sì ti bò ó. Síbẹ̀ òórùn rọ́bà tó ń jó kò kúrò níbẹ̀, èéfín a sì máa yọ láti inú ilẹ̀ láìsí iná níbì kankan. Àwọn ọmọ àdúgbò ní òkú ló ń dáná nísàlẹ̀. Mo gbà wọ́n gbọ́, n kì í gba ibẹ̀ kọjá láìsáré.

Ìyá mi ò bẹ̀rù ohunkóhun. Abúlé kan lọ́nà Ewékorò ni wọ́n dàgbà sí, níbi tó jẹ́ pé eérú àti èèpo iṣu ni ààtàn. Ẹni tó bá fẹ́ ẹ̀fọ́ gidi níbẹ̀, orí ààtàn àtijọ́ ni yóò gbìn ín sí. "Ààtàn kì í ṣahun," ni wọ́n máa ń wí, "ohun tá a bá fún un, á dá a padà." Ìdí ààtàn yìí ni wọ́n gbin tẹ̀tẹ̀ wa sí, ewé rẹ̀ sì fẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ bàbá mi lọ. Omi pupa kan ń sun jáde níbẹ̀, ó ń dán bí omi tá a fi fọ agbada àkàrà, ó ń ṣàn gba àárín ebè lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga wa. Àbúrò mi Ṣadé, tí kò tíì bẹ̀rẹ̀ ilé ìwé, a máa já ẹ̀fọ́ náà jẹ ní tútù bí ewúrẹ́. A máa ń fi í rẹ́rìn-ín.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, obìnrin wolé-wolé kan wá wo kànga. Ó fa omi, ó gbóòórùn rẹ̀, ó wo ebè, ojú rẹ̀ sì yí padà.

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má mu omi yìí mọ́. Ẹ má sì jẹ ẹ̀fọ́ yìí mọ́. Bátìrì mọ́tò, oògùn kòkòrò, gbogbo ohun tí wọ́n ti dà síbẹ̀ ló ń sun jáde yẹn."

Ìyá mi nàró láàárín ebè. "Èyí tá a ti jẹ ńkọ́?"

 Obìnrin náà kàn fọwọ́ pa Ṣadé lórí. Ẹ̀rù òkú tó ń dáná ò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tó bà mí lọ́jọ́ náà. Láti ìgbà yẹn, bí Ṣadé bá sùn lọ́sàn-án, màá lọ gbé etí sí imú rẹ̀ láti gbọ́ bóyá ó ń mí.

Lẹ́yìn ọdún púpọ̀, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba gbé katakata dé. Wọ́n fi amọ̀ bo ààtàn náà bámúbámú, wọ́n gbẹ́ kòtò yí i ká láti gba omi pupa, wọ́n ri páìpù mọ́lẹ̀ kí èéfín lè ríbi gbà jáde. Wọ́n dí kànga wa. Igi àti koríko tí ẹnikẹ́ni ò ní jẹ ni wọ́n gbìn sórí ààtàn náà. Ibẹ̀ tutù lójú báyìí, àlejò á rò pé pápá ìṣeré ni. Ìyá mi ti darúgbó, wọn ò tíì fi tẹ̀tẹ̀ kan ẹnu láti ìgbà náà.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Ṣadé wá kí wa. Oyún rẹ̀ àkọ́kọ́ ti yọ síta. Èmi àti ẹ̀ jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń wo ọ̀ọ́kán ààtàn.

"Àǹtí mi," ó ní, "ẹ̀fọ́ tí mo jẹ nígbà yẹn ńkọ́?"

Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, mo rò pé wolé-wolé mọ èsì, ó kàn fi pa mọ́ fún wa ni, bí àwọn àgbà ti máa ń ṣe. Èmi náà ti dàgbà báyìí. Mo nawọ́, mo fi pa á lórí.