Òjò Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí Tí Kò Hàn Nínú Ìwé

Ní ọdún 1987, Ojúọlápé ló ń tọ́jú kọ̀ǹpútà ní ọ́fíìsì àgbẹ̀ kan ní Ṣakí. Àràárọ̀ ọjọ́ Ajé ni ẹ̀rọ náà máa ń ṣírò òjò Ìlùá, Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí àti Òkákà. Ìlú tí òjò rẹ̀ bá ti tó ni wọ́n ń gbé irúgbìn àgbàdo lọ fún. Ṣùgbọ́n lọ́sẹ̀ kan, iye òjò Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí á jáde, àmọ́ kò ní tíì tó. Lọ́sẹ̀ mìíràn, òfìfo. Bí Ojúọlápé bá dá ti Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí nìkan ṣe, ẹ̀rọ náà á ṣiṣẹ́ bí ẹni pé kò ṣe nǹkan kan rí. Ẹ̀rọ ọ̀dàlẹ̀!

Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí sì ni Ládòkun, bàbá rẹ̀, ti ń dáko. Àsìkò ìgbìn ń lọ, irúgbìn ò dé. Àwọn aládùúgbò ti ń sọ ọ́ lójú bàbá pé ọmọ rẹ̀ ti gbàgbé ilé, ọ̀rọ̀ náà sì ń dun Ojúọlápé wọra.

Ní Sátidé kan, ó bá bàbá lọ sóko. Nígbà tí wọ́n ń bọ̀, gbogbo ilé tò tẹ̀lé ara wọn lójú ọ̀nà tóóró, bàbá lẹ́yìn pátápátá bó ti máa ń ṣe. Bàbá nìkan ni Àwáwù, ìyá Ojúọlápé, máa ń wò kó tó bu oúnjẹ: bí ẹni ìkẹyìn bá ti wọlé, gbogbo wọn ti dé nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ náà ni Ojúọlápé ṣe kọ àṣẹ tiẹ̀. Ó ní kí ṣẹ́ẹ̀lì, apá kọ̀ǹpútà tó ń gba àṣẹ, rán iṣẹ́ ìlú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jáde lẹ́ẹ̀kan náà, kó dúró de ti Òkákà tó rán kẹ́yìn, kó wá tẹ ìwé èsì jáde.

Lójú ọ̀nà náà, ẹ̀gún gún Ojúọlápé lẹ́sẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ láti yọ ọ́, bàbá sì dúró.

"Ẹ máa lọ, Bàbá, mò ń bọ̀."

"Kí n wá kọjá ẹ kẹ̀, Àbẹ̀kẹ́? Ta ni yóò mọ̀ pé o ṣẹ́kù?"

Ojúọlápé dìde tòun ti ẹ̀gún lọ́wọ́. Iṣẹ́ Òkákà kì í dúró de ẹnikẹ́ni! Lọ́sẹ̀ tí òjò bá pọ̀ ní Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí, iye tí ẹ̀rọ fẹ́ ṣírò á pọ̀, ìṣírò wọn á pẹ́, ti Òkákà á kọjá wọn, ṣẹ́ẹ̀lì á sì tẹ ìwé kí tiwọn tó parí. Òjò púpọ̀ ló ń sọ wọ́n di aláìlójò.

Lọ́jọ́ Ajé, ó tún àṣẹ kọ, kí ṣẹ́ẹ̀lì dúró de ìlú kọ̀ọ̀kan. Òjò Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí jáde, ó ju ti gbogbo wọn lọ. Ọkọ̀ irúgbìn gbéra lọ́sàn-án, Ojúọlápé sì bá a lọ.

Nígbà tí wọ́n pe bàbá pé kó wá gba tiẹ̀, ó kọjú sí àwọn aládùúgbò. Ó ti pẹ́ tó ti ń to èsì tó máa fún wọn jọ.

"Ọmọ mi rèé," nìkan ló lè sọ, ni ẹkún bá gbà á.