Ẹ Fọwọ́ Kàn Án, Ó Ń Dán

Àtàǹpàkò o! Baba ìka, abara kíki bí ọmọ odó, ìwọ tí àwọn mẹ́rin yòókù kò lè di nǹkan mú láìsí ọ. Ìwọ lò ń tẹ ìwé ilẹ̀, ìwọ lò ń dìbò, ìwọ sì ni adájọ́ àgbà lórí gbogbo ohun tó bá ń dán. Kò sí bí ènìyàn ṣe kàwé tó tí yóò rí ohun dídán tí kò ní fi ọ́ ra á.

Ọ̀gá mi ní ilé ẹ̀kọ́ gíga tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Ìlaró ń sin àtàǹpàkò tirẹ̀ bí ẹní ń sin ọba. Iṣẹ́ wa ni láti ṣe ohun èlò ilé ìwòsàn tí kòkòrò àrùn kò ní lè lẹ̀ mọ́ lára. Ẹni tó bá ti fọ àmù rí yóò mọ ohun tí mò ń sọ. Omi inú rẹ̀ mọ́ lójú, ṣùgbọ́n tó o bá ki ọwọ́ bọ ìsàlẹ̀, ó ń yọ̀ bí ilá. Bẹ́ẹ̀ náà ni kòkòrò ń ṣe nínú rọ́bà tí wọ́n ń ki bọ ara aláìsàn. Wọn a kọ́kọ́ lẹ̀ mọ́ ọn lọ́kọ̀ọ̀kan, wọn a ránṣẹ́ pe ará ilé, wọn a wá fi ohun yíyọ̀ kan bo ara wọn lórí bí ẹní kan òrùlé. Tí wọ́n bá ti kan òrùlé tán, oògùn tó ń pa wọ́n níta kò ní rọ́nà wọlé. A ń ṣe ojú ike bí ojú ewé kókò tí omi kì í dúró lé, a sì ń fi fàdákà tín-ín-rín bo òmíràn, nítorí fàdákà ò bá kòkòrò rẹ́.

Tí àlejò bá dé, ọ̀gá mi á mú ọ̀kan, á fi àtàǹpàkò ra á síwá sẹ́yìn. "Ẹ fọwọ́ kàn án, ó ń dán!" Àlejò á fi tirẹ̀ náà ra á. Àwọn kòkòrò orí ìka méjèèjì á sì wọlé láìsan owó ibodè. Mo máa ń fi ọ̀gá yìí ṣe yẹ̀yẹ́ títí omi á fi bọ́ lójú mi.

Ìgbà tí ìjọba ti ibodè pa ni. Ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ ìyá mi, ló ń fi ọ̀kadà gbé àwọn òṣìṣẹ́ lọ sí Ìbẹsẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó gbé màmá kan lọ sí Ìdógò. Àwọn oníbọn tó ń ṣọ́ ojú ọ̀nà ń lé ọkọ̀ tó kó ìrẹsì bọ̀, wọ́n yìnbọn. Ọta ò ba ìrẹsì, ẹ̀gbọ́n mi ló bà ní ìbàdí. Egungun fọ́. Màmá yẹn fi gèlè rẹ̀ dí ojú ọgbẹ́, gèlè náà sì rin gbingbin.

Ẹ̀gbọ́n mi kò lè tọ̀ fúnra rẹ̀ mọ́, wọ́n bá ki rọ́bà ìtọ̀ sí i ní ilé ìwòsàn. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, rọ́bà á dí, ìtọ̀ á rí bí omi ògì, ibà á dé, wọn á fa rọ́bà yọ, wọn á ki òmíràn bọ̀ ọ́. Tó bá ń ké, àwọn tó wà ní wọ́ọ̀dù kejì a máa dìde dúró. Dókítà sọ fún mi pé bí ibà bá tún dé, kíndìnrín rẹ̀ lè má gbà á.

Ọ̀gá mi pè mí. "Rọ́bà onífàdákà kan wà tí mo ní kí wọ́n bá mi rà ní Kútọnu. Ìfọ̀nyìntẹ̀dó ni ibodè ká a mọ́. Lọ gbé e fún ẹ̀gbọ́n ẹ. Ṣùgbọ́n má ya ọ̀rá ẹ̀ o! Nọ́ọ̀sì ló máa ya á, kí kòkòrò má baà wọ̀ ọ́."

"Ẹ̀yin, sà? Ṣé èmi lẹ ń kọ́?"

Mo rí i gbà. Nígbà tí mò ń bọ̀, àwọn oníbọn dá ọkọ̀ wa dúró. Ọkùnrin kan wà lórí ìkúnlẹ̀ níbẹ̀ tí wọ́n ń fi bẹ́líìtì nà. Ìrẹsì rẹ̀ tú ká, ó lẹ̀ mọ́ ẹ̀jẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn tú báàgì mi.

"Kí lèyí? Ìfun ewúrẹ́?"

"Rọ́bà tí kòkòrò àrùn ò lè tẹ̀dó sí ni, sà." Mo gbé ohùn kíláàsì wọ̀, mo bẹ̀rẹ̀ àlàyé.

"Ẹ wá o, tíṣà dé! Ó fẹ́ kọ́ wa ní kòkòrò!"

Àtàǹpàkò rẹ̀ ti ń wá etí ọ̀rá náà. Mo já a gbà. Ó fi ìdí ìbọn gbá mi lẹ́nu, eyín kan yọ, mo gbé e mì. Mo dojú bolẹ̀, mo sàba lé ọ̀rá náà bí adìyẹ. Wọ́n fi bàtà gbá mi níhà. Ẹnì kan tẹ ọwọ́ mi mọ́lẹ̀, ọmọńdinrín mi ró pàá. Àtàǹpàkò ò fara pa. Mi ò fi ọ̀rá náà sílẹ̀.

"Ẹ jẹ́ kó máa lọ jàre, ìfun ìyá ẹ̀ ni!" Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n padà sídìí ẹni tó kúnlẹ̀.

Mo wọ wọ́ọ̀dù tẹ̀jẹ̀tẹ̀jẹ̀ bí ajagun tó ṣẹ́gun dé. Oògùn ti kun ẹ̀gbọ́n mi lóorun. Bàbá arúgbó tó wà ní bẹ́ẹ̀dì kejì nìkan ló lajú sílẹ̀. Nọ́ọ̀sì ń di ọgbẹ́ ẹnì kan lọ́hùn-ún. Nígbà tó dé, ọ̀rá náà ti ya.

"Ta ló ya èyí?"

"Àwọn oníbọn ojú ọ̀nà ni, Màmá."

Bàbá arúgbó yíjú sí ògiri.

"Ọwọ́ wọn á rọ!" ni nọ́ọ̀sì wí, ó sì ju rọ́bà náà sínú garawa ìdọ̀tí. Ní ọjọ́ kejì, ibà dé. Ẹ̀gbọ́n mi gbọ̀n títí bẹ́ẹ̀dì fi ń lu ògiri, ó gé ahọ́n ara rẹ̀ jẹ. Abẹ́òkúta ni wọ́n ti gé kíndìnrín kan kúrò lára rẹ̀.

Ó yè. Ó máa ń jókòó ní gáréèjì ọ̀kadà ní Ayétòrò, á máa ròyìn bí àbúrò òun ṣe fi eyín ra rọ́bà tí àwọn ìkà sì bà á jẹ́. Àwọn tó ń gbọ́ a ṣépè fún ọwọ́ tó ya ọ̀rá náà. Tí mo bá wà níbẹ̀, èmi náà a ṣe àmín.

Ọ̀rá náà ò ya lójú ọ̀nà. Bàbá arúgbó ló bi mí pé, "Kí ló fi yàtọ̀ sí tiwa?" Mo fi eyín tó kù ya á, mo fa rọ́bà náà yọ, mo fi àtàǹpàkò ra á síwá sẹ́yìn, mo sì nà án sí i.

"Ẹ fọwọ́ kàn án, Bàbá," mo ní. "Ó ń dán."