Láìnì Kílíà

Bàbá mi ṣiṣẹ́ rélùwéè ní Ọ̀fà nígbà tí ọkọ̀ ojú irin ṣì ń jẹ èédú. Àwọn ni wọ́n ń fi ṣọ́bìrì da èédú sínú iná. Tí a bá fẹ́ sọdá ojú irin, wọ́n á dá wa dúró, wọ́n á fetí sílẹ̀, wọ́n á ní, "Láìnì kílíà," pé ọkọ̀ kankan ò bọ̀, ká tó gbẹ́sẹ̀. Ọkọ̀ eléèdú kásẹ̀ nílẹ̀, koríko bo irin, síbẹ̀ wọn ò yé dúró. Ojú máa ń tì mí. Lọ́jọ́ kan mo jágbe pé, "Bàbá, ọkọ̀ wo ló ń bọ̀?" Wọ́n ṣáà ń fetí sílẹ̀.

Lọ́dún tó kọjá, a gbé òkú wọn lọ sí itẹ́ òkú tó wà lódì kejì ojú irin. Bí a ṣe dé etí irin, mo pariwo pé kí àwọn tó gbé pósí dúró. Inú bí wọn. Oòrùn mú, pósí sì wúwo. Mo fetí sílẹ̀. Kò sí ìró kankan.

"Láìnì kílíà," ni mo wí. Wọ́n sì gbé bàbá mi kọjá.