Adìẹ Tí Mi Ò Ṣẹ́ Lẹ́sẹ̀

Sùlíyá ni orúkọ mi. Ọmọ Ògúnlànà tó ń to eegun ní Oko Ọba ní Agége ni mí, ìdílé wa sì ti wà níbẹ̀ kí ilé tó pọ̀ tó báyìí. Bí màlúù bá ta alápatà nípàá, ilé wa ni wọ́n ń gbé e wá. Nígbà tí bàbá mi kú, iṣẹ́ bọ́ sí mi lọ́wọ́, torí àwọn ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ní àwọn ò lè máa fọwọ́ pa ẹsẹ̀ ẹlẹ́sẹ̀ kiri. Ẹ jẹ́ n tètè sọ ọ́ pé mo mọ iṣẹ́ yìí. Àìmọ̀ṣẹ́ kọ́ ló kó mi sí ohun tí mo fẹ́ sọ. Ká ní àìmọ̀ṣẹ́ ni, ojú ì bá má tì mí tó báyìí.

Nígbà kan, àwọn ilé ìwòsàn kì í fẹ́ rí irú wa sójú. Mo tẹ̀lé aláìsàn mi kan lọ sí ọ̀kan nínú wọn lọ́jọ́ kan, nọ́ọ̀sì wò mí láti òkè délẹ̀, ó ní, "Ẹ̀yin lẹ máa ń so ẹsẹ̀ títí á fi kẹ̀. Ẹ jókòó síta." Mo jókòó síta nínú oòrùn. Ẹni tí mo tọ́jú ń wò mí láti ojú fèrèsé. Inú bí mi débi pé mi ò lè jẹun lọ́jọ́ náà, mo sì sọ nínú ara mi pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí wọ́n máa pè mí wọlé.

Ìdí nìyẹn tí mo fi lọ nígbà tí ìjọba pe àwa tí a ń to eegun sí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ní Aláúsá. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko. Wọ́n kọ́ wa pé tí eegun bá ti gún awọ jáde, kí a má fọwọ́ kàn án, ilé ìwòsàn ni. Wọ́n kọ́ wa láti máa fọwọ́ kan ọmọ ìka ẹsẹ̀ bóyá ó ń tutù. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi kan ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ní kí ni àwọn dókítà kékeré yìí fẹ́ kọ́ àwọn. Èmi ò rẹ́rìn-ín. Ní oṣù tó tẹ̀lé e, wọ́n gbé ọlọ́kadà kan wá tí eegun rẹ̀ ti yọ síta. Mi ò jẹ́ kí wọ́n gbé e sọ̀kalẹ̀ rárá, mo ní kí ọkọ̀ náà gbé e lọ sí ilé ìwòsàn aládàáni kan ní Ìlúpéjú. Dókítà Akínfẹ́nwá ló gbà á níbẹ̀, ọmọbìnrin Oǹdó kan tí kò tíì pé ogójì ọdún. Ó béèrè ẹni tó ní kí wọ́n tètè gbé e wá. Wọ́n dárúkọ mi, ó sì wá mi wá sílé.

Mo bí ọmọ tó jù ú lọ, ṣùgbọ́n "ẹ̀yin" ni mò ń pè é. Ó wo yàrá tí àwọn aláìsàn mi ń sùn sí, ó wo igi ọparun tí mo fi ń so ẹsẹ̀. Ó ní ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń sá fún simẹ́ǹtì tí àwọn ń rọ sí ẹsẹ̀, ọ̀dọ̀ wa ni wọ́n sì ń sá wá, òun ò fẹ́ máa bá wa jà mọ́. A wá ṣe àdéhùn. Ẹni tí kò bá lọ́gbẹ́, tó sì kọ simẹ́ǹtì, òun á ya fọ́tò eegun rẹ̀, èmi á tò ó, màá so ó, màá sì máa mú un padà wá fún fọ́tò ní ọ̀sẹ̀ méjì méjì. Bí ẹni àkọ́kọ́ bá san dáadáa, ó máa mú fọ́tò rẹ̀ lọ síwájú àwọn ọ̀gá rẹ̀, kí wọ́n lè gbà kí àwa ará Agége tí a ti gba ìdánilẹ́kọ̀ọ́ máa bá wọn ṣiṣẹ́ ní gbangba.

"Ohun kan ṣoṣo ló kù, Màmá," ó ní. "Adìẹ yẹn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣẹ́ adìẹ lẹ́sẹ̀ mọ́. Bí àwọn ọ̀gá mi bá gbọ́ ọ̀rọ̀ adìẹ, gbogbo ẹ̀ ti bàjẹ́ nìyẹn."

Mo ní mo gbọ́, mo ṣèlérí.

Fún ẹni tí kò bá mọ̀, àṣà ìdílé wa ni pé ọjọ́ tí a bá so ẹsẹ̀ èèyàn, a ó ṣẹ́ adìẹ kan lẹ́sẹ̀, a ó so òun náà bákan náà. Ọjọ́ tí adìẹ bá tẹlẹ̀ rìn, aláìsàn náà á gbìyànjú ẹsẹ̀ rẹ̀. Bàbá mi sọ fún mi kó tó kú pé adìẹ kì í ṣe oògùn. Ó ní ó kàn ń mú aláìsàn jókòó ni, torí ẹni tó bá ń wo adìẹ tó dùbúlẹ̀ kò ní dìde.

Ẹni àkọ́kọ́ tí Dókítà fi ránṣẹ́ sí mi ni Job. Ọmọ Èkìtì ni, ilé ìkẹ́rùsí kan ní Ìlúpéjú ló ti ń ṣiṣẹ́, páálí ọṣẹ ló ya lù ú lójúgun. Gbogbo ìrètí mi wà lórí ẹsẹ̀ yẹn. Mo fọwọ́ ra á, mo tò ó, mo so ó, ó jókòó bó ṣe yẹ. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń nu ọwọ́ mi ni Job bá ní, "Màmá, adìẹ mi dà?"

Mo ní a kì í lò ó mọ́. Ó wo Fọláyọ̀ ìyàwó rẹ̀, tó jẹ́ tíṣà. Fọláyọ̀ náà wò ó. Job ní nígbà tí bàbá àgbà òun já bọ́ lórí ọ̀pẹ nílé, adìẹ ni wọ́n fi mọ ọjọ́ tí bàbá náà máa rìn. "Ẹ má bínú, Màmá. Tí kò bá sí adìẹ, báwo la ṣe máa mọ̀? Ẹnì kan wà ní Sàngó tó ṣì ń lò ó." Ó sọ ọ́ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, bẹ́ẹ̀ ó ti ń wo ẹnu ọ̀nà.

Ẹ̀rù bà mí. Bí Job bá lọ, kí ni màá fi han Dókítà? Bí mo bá sì ṣẹ́ adìẹ, ojú wo ni màá fi wò ó? Mo wá ta ọgbọ́n kan, ọgbọ́n òmùgọ̀. Mo ra adìẹ, mo gbé e lọ sẹ́yìnkùlé, mo so ọparun àti aṣọ mọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ tí nǹkan kan ò ṣe, mi ò ṣẹ́ ẹ. Mo gbé e wá fún Job nínú agbọ̀n, ní yàrá ilé mi tó máa sùn sí. Inú rẹ̀ dùn, ó dúpẹ́ títí. Èmi náà ń rẹ́rìn-ín sínú, mo ní mo ti tẹ́ tọ̀tún tòsì lọ́rùn, kò sẹ́ni tó máa lè bá mi wí. Ẹni tó bá ń lé eku méjì á pòfo. Mo mọ òwe yẹn láti kékeré, mo máa ń fi í bá àwọn ọmọ mi wí, èmi àgbà òṣì.

Nígbà tó pé ọ̀sẹ̀ méjì, a lọ ya fọ́tò. Dókítà gbé e sí ojú iná, ó pe dókítà mìíràn wá wò ó. Eegun ti bẹ̀rẹ̀ sí í so. Ó ní, "Màmá, ẹ wọlé, ẹ wá wo iṣẹ́ ọwọ́ yín." Ó fún mi ní àga. Ẹ ò lè mọ bí ó ṣe rí lára mi.

Ọjọ́ Jímọ̀ tó tẹ̀lé e, mo lọ kírun. Fọláyọ̀ wà ní iléèwé. Adìẹ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ le koko, ṣé ó máa dùbúlẹ̀ títí ayé ni? Ó ti ń ṣá aṣọ náà jẹ láti ọjọ́ yìí, mo sì ń dọ́gbọ́n tún un so láràárọ̀. Lọ́jọ́ yẹn ó tú u pátápátá, ó fò jáde nínú agbọ̀n, ó ń fẹsẹ̀ walẹ̀ kiri àgbàlá. Job rí i. Ó yin Olúwa, ó di ògiri mú, ó dìde, ó gbẹ́sẹ̀.

Láti ojú títì ni mo ti gbọ́ igbe rẹ̀. Nígbà tí mo máa fi wọlé, eegun tó ń so ti yẹ̀, ó ti gún awọ jáde. Job di itan rẹ̀ mú, ó ń bẹ̀ mí. "Màmá, ẹ má bínú, èmi ni mo kánjú." Òun ló ń bẹ èmi. Mo pe ọkọ̀.

Dókítà ya fọ́tò tuntun. Ó ní iṣẹ́ abẹ ni, irin ni wọ́n máa fi mú eegun náà báyìí. Ó wá yíjú sí Job lórí bẹ́ẹ̀dì. "Ta ló ní kí ẹ dìde?"

"Adìẹ mi ló rìn, Dókítà."

Nọ́ọ̀sì méjì wà níbẹ̀. Ọ̀kan fọwọ́ bo ẹnu. Dókítà wò mí, kò jágbe. "Màmá, ṣebí a jọ sọ̀rọ̀ adìẹ."

Ibí yìí gan-an ni ìtìjú mi wà. Job ló yẹ kí n wò, Dókítà ni mo wò. Mo yára lanu, mo sọ ọ́ sókè kí àwọn nọ́ọ̀sì náà lè gbọ́. "Dókítà, mi ò ṣẹ́ adìẹ yẹn lẹ́sẹ̀ o. Mo fi Ọlọ́run búra. Mo kàn so igi mọ́ ọn lásán ni. Mo pa àdéhùn wa mọ́." Mo sọ ọ́ bí ẹni tó jàre. Ó kù díẹ̀ kí n máa retí pé kó yìn mí.

"Lásán?" Job ló sọ bẹ́ẹ̀. "Nǹkan kan ò ṣe adìẹ náà, Màmá?"

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í tún ìborùn mi fà bo orí.

"Mò ń bù fún un nínú ìrẹsì mi," ó ní. Kì í ṣe èmi ló ń bá sọ̀rọ̀ mọ́, òkè àjà ló ń wò. "Kó lè tètè san."

Mo ti máa ń gbọ́ tí wọ́n ń sọ pé kí ilẹ̀ lanu kó gbé èèyàn mì, àsọdùn ni mo kà á sí. Lọ́jọ́ yẹn mo wá ilẹ̀ tó máa lanu, mi ò rí.

Wọ́n gbé Job lọ fún iṣẹ́ abẹ. Dókítà sọ fún mi pé òun ò ní lè gbé ọ̀rọ̀ wa síwájú àwọn ọ̀gá òun mọ́ lọ́dún yìí. Ó ní ká ní mo pe òun lórí fóònù pé aláìsàn ń béèrè adìẹ, òun ì bá wá bá a sọ̀rọ̀ fúnra òun. Ọ̀rọ̀ yẹn rọrùn tó bẹ́ẹ̀, kò sì wá sí mi lọ́kàn rí. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi tí a jọ lọ sí Aláúsá ń pè mí láti béèrè ibi tí nǹkan dé. Mi ò gbé fóònù wọn.

Lọ́jọ́ karùn-ún, mo se ẹ̀wà, mo lọ wò ó. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà wọ́ọ̀dù títí ẹsẹ̀ fi ń ro mí. Fọláyọ̀ kí mi lórí ìdúró, kò kúnlẹ̀, mi ò sì bá a wí. Èmi ni mo kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì ọmọ tí mo lè bí, mo ní, "Job, mo tàn ọ́. Mo bẹ̀ ọ́." Ó ní kí n dìde, àgbà kì í kúnlẹ̀ fún òun. Mo dìde.

"Ẹ̀tàn yẹn kọ́ ló dùn mí, Màmá," ó ní. "Ilé yín ni mo wà láti ọjọ́ yìí, àràárọ̀ lẹ ń bi mí bí mo ṣe sùn. Dókítà lẹ kọ́kọ́ sọ òótọ́ fún. Èmi tí mo ni ẹsẹ̀, ẹ ò tilẹ̀ wo ọ̀dọ̀ mi nígbà tí ẹ̀ ń sọ ọ́."

Òótọ́ ló sọ. Mo gbé abọ́ ẹ̀wà kalẹ̀ lórí tábìlì rẹ̀, mo fa àga súnmọ́ ọn, mo jókòó síbi tí màá ti lè wo ojú rẹ̀.