Ewé Ẹ̀bá Ògiri

Ojú ọ̀run ṣú láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, ṣùgbọ́n òjò ò rọ̀. Afẹ́fẹ́ òkun ń fẹ́ wá díẹ̀díẹ̀, ó gbóná, ó lọ́rinrin, tí mo bá fi ahọ́n kan ètè mi, mo ń tọ́ iyọ̀ wò. Ìrì ti mú eruku pupa ojú títì márosẹ̀ mọ́lẹ̀, eruku tí àwọn tó ń la títì náà ń dà lé wa lórí láti ọjọ́ tó ti pẹ́. Ńṣe ló lẹ̀ pẹ̀tẹ̀pẹ̀tẹ̀ mọ́ táyà ọ̀kadà tó gbé mi láti oríta Ajah. Nǹkan bí aago mẹ́jọ ni. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni mo ti lò lọ́dọ̀ àbúrò mi obìnrin ní ìhà Ìbẹ̀jú. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ló kán, èmi ni mo lọ ń dáná fún un.

Nígbà tí ọ̀kadà yà sí òpópónà wa nínú ẹ́sítéètì, mo rò pé ó ṣìnà ni. Mi ò rí lápálàpá mi.

Èmi ni mo gbin lápálàpá yẹn. Ọmọ mi ọkùnrin ò tíì rẹ́ ilé náà tí mo ti gé igi rẹ̀ wá láti abúlé wa, tí mo rì í mọ́lẹ̀ lẹ́bàá ògiri níta, láti orígun kan dé èkejì. Nígbà tá a wà lọ́mọdé, a máa ń já ìdí ewé rẹ̀, a ó fẹ́ atẹ́gùn sí omi tó jáde níbẹ̀, á máa hó bí ọṣẹ, á máa fò lọ lójú afẹ́fẹ́. Omi yẹn náà la fi ń pa ahọ́n ọmọ tuntun tí nǹkan funfun bá bò ó bí ògì tó gbẹ. Mi ò sọ pé igi náà ò lárùn o. Ọmọ tó bá jẹ èso rẹ̀ á bì, á sì yàgbẹ́ títí ojú rẹ̀ á fi jìn. Gbogbo ọmọ tí mo bí ni mo fa etí rẹ̀ lábúlé kó tó lè dá rìn dé ìdí igi náà: omi rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni, èso rẹ̀, rárá.

Ohun tó wà níbẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ yẹn ni àwọn igi kéékèèké tí ewé wọn tín-ín-rín, tó gùn, tó ń dán yinrin, tí òdòdó aláwọ̀ ìyeyè ń ṣorí kọ́ lára wọn. Ó lẹ́wà, mi ò ní purọ́. Mo sì mọ̀ ọ́n. Olómiòjò là ń pè é nílé wa. Bàbá mi kì í jẹ́ kẹ́nikẹ́ni gbìn ín sítòsí kànga.

Mi ò tíì sanwó ọ̀kadà tí mo gbọ́ igbe ọmọ nínú ilé. Mo ti tọ́ ọmọ tó pọ̀, mo mọ igbe ebi, mo mọ igbe oorun. Èyí ò sí nínú wọn. Ó ń ké, ó ń dákẹ́, bí ẹni tí ẹ̀mí rẹ̀ ò ká igbe náà.

Ọmọ oṣù mẹ́ta ni, àbígbẹ̀yìn ọmọ mi. Ìyàwó ọmọ mi gbé e sẹ́sẹ̀ ní pálọ̀, ìyàwó náà ń sunkún. Ọmọ ti bì sára aṣọ, itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀ ṣáá, ọwọ́ rẹ̀ tutù bí ẹja. Ọmọ mi ti jáde lọ síbi iṣẹ́ láti ìdájí. Obìnrin tó ń gbé ilé kejì dúró lé wọn lórí, ó mú ṣíbí epo pupa dání.

"Mama, ẹ káàbọ̀ o! Ẹ bá wa di orí ẹ̀ mú, ẹ jẹ́ n rọ epo yìí fún un kó bì í jáde!"

Mo gba ṣíbí náà lọ́wọ́ rẹ̀, mo gbé e sórí tábìlì.

"Háà, Mama! Epo kẹ̀? Epo tó ń pa májèlé?"

"Ọmọ tí ò lè gbé itọ́ ara ẹ̀ mì lo fẹ́ rọ epo fún? Epo ò mọ̀nà ikùn yàtọ̀ sí ọ̀nà èémí."

Mo sọ ọ́ nítorí pé mo ti ṣe é rí. Nígbà tí mo ṣì jẹ́ ọ̀dọ́, ọmọ alábàágbé wa mu kẹrosíìnì, àwa obìnrin ilé dì í mú, a rọ epo fún un. Epo náà gba ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóró lọ. Ọjọ́ mẹ́ta ló fi ń wúkọ́. Mi ò ní sọ ìyókù.

Mo bi ìyàwó ọmọ mi léèrè pé, "Kí lo fún un?"

"Mọ́mì, mi ò fún un ní nǹkan kan. Ewé yín náà ni."

"Ewé mi wo?"

"Èyí tẹ́ ẹ fi hàn mí kẹ́ ẹ tó lọ. Ti ẹ̀bá ògiri. Ahọ́n ẹ̀ tún funfun, mo wá já a, mo fi pa á."

Mo bi í pé, "Ẹ̀ẹ̀melòó?"

"Lánàá lẹ́ẹ̀kan. Láàárọ̀ yìí, ẹ̀ẹ̀mejì. Mo rí i pé kò lọ, mo ní kí n fi kún un."

Ẹ jẹ́ n dúró níbí díẹ̀, torí pé èmi náà lẹ́jọ́ níbẹ̀. Lọ́jọ́ tí mo ń lọ, ọ̀kadà ti dúró dè mí níta. Mo dúró lójú fèrèsé ilé ìdáná, mo na ìka síta, mo ní, "Ewé tó wà lẹ́bàá ògiri yẹn ni kó o já o." Mi ò mú ọmọbìnrin náà jáde. Mi ò ní kó fọwọ́ pa ewé náà, kó gbóòórùn rẹ̀, kó wo bí omi rẹ̀ ṣe ń hó. Ìlú ńlá ló ti dàgbà, ẹ̀fọ́ tí wọ́n ti gé sínú ọ̀rá ló mọ̀. Ibi tí ewé wà ni mo fi hàn án, mi ò fi ewé hàn án. Àwọn kan sì wá hú ewé, wọ́n fi òmíràn síbẹ̀, lójú tirẹ̀, èyí tó bá ti wà lẹ́bàá ògiri náà ni.

Mo jáde lọ já ẹ̀ka olómiòjò kan. Omi rẹ̀ yọ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ó funfun báláú bíi wàrà. Ti lápálàpá kì í funfun bẹ́ẹ̀. Mo di í sínú ọ̀rá, tòun ti èso rẹ̀ méjì. Obìnrin ilé kejì ti lọ gbé mọ́tò rẹ̀ jáde, mo yìn ín fún ìyẹn. Ojú títì ò ṣeé gbà, ọ̀nà ẹ̀yìn la gbà, lórí iyanrìn, títí a fi dé ọsibítù.

Nọ́ọ̀sì tó gba ọmọ wò mí láti orí dé ẹsẹ̀. Ó rí ìró mi, ó rí bàtà mi tí amọ̀ pupa lẹ̀ mọ́. Ìyẹn ti tó fún un.

"Mama, àgbo lẹ fún un, àbí?"

"Rárá."

"Ẹ̀yin ìyá àgbà yìí! Ẹ máa ń ní rárá. Tẹ́ ẹ bá ti pa ẹ̀dọ̀ ọmọ tán, ẹ ó gbé e wá bá wa." Ó yíjú sáwọn obìnrin tó jókòó tì wá. "Ẹ ṣáà fi ọmọ yín sílẹ̀ fún ìyá ọkọ, kẹ́ ẹ máa lọ síbi iṣẹ́." Àwọn kan rẹ́rìn-ín.

Mo gbé ọ̀rá mi ka orí tábìlì rẹ̀.

"Nọ́ọ̀sì, èébú yẹn máa dúró dè mí, mi ò sá. Èyí ni wọ́n fi pa ahọ́n ọmọ. Ẹ pe dókítà."

Ìyàwó ọmọ mi fa apá aṣọ mi. "Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ pé èmi ni. Dádì ẹ̀ ò ní dárí jì mí láé. Wọ́n ti gbà tẹ́lẹ̀ pé ẹ̀yin ni."

Àánú rẹ̀ ṣe mí. Ṣùgbọ́n tí mo bá ní èmi ni, dókítà á bi mí pé ìgbà wo, báwo ló ṣe pọ̀ tó, irọ́ ni mo máa fi dá a lóhùn, ọmọ ló sì máa jẹ irọ́ náà. Nígbà tí dókítà dé, ọ̀dọ́mọkùnrin kan báyìí, mo ní, "Èmi ni mo ní kó já ewé, mi ò sọ ewé wo fún un. Òun ló já a. Ó mọ iye ìgbà. Ẹ bi í."

Dókítà ò bú ẹnikẹ́ni. Ó ya ẹ̀ka náà ní fọ́tò, ó fi ránṣẹ́ sí ọ̀gá rẹ̀ kan, ó pè é lórí fóònù. Mo gbọ́ tó ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, sà, aláwọ̀ ìyeyè ni." Ó fi ẹ̀rọ gbọ́ àyà ọmọ, ó tún un gbọ́. Ó ní ọkàn rẹ̀ ń lù jẹ́jẹ́ jù, ó sì ń fò. Ó ní májèlé igi yìí, ọkàn ló máa ń mú, àti pé ká ní àgbo la pè é ni, ibòmíràn ni wọn ì bá máa wá a sí. Nọ́ọ̀sì tó bú mi wà níbẹ̀. Ó ń wo ilẹ̀.

Wọ́n so okùn ẹ̀rọ mọ́ àyà ọmọ. Wọ́n fún un lóògùn, omi ń kán sí i lára. A jókòó. Mi ò lè jẹun, mi ò lè gbàdúrà dáadáa pàápàá, bí mo bá bẹ̀rẹ̀, ìbínú á já a mọ́ mi lẹ́nu.

Ọmọ mi dé lọ́sàn-án, táì rẹ̀ wà ní ẹ̀gbẹ́ ọrùn. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo ti gbọ́ bí ọ̀rọ̀ olómiòjò, tí wọ́n ń pè ní fúláwà, ṣe jẹ́. Ó ní àwọn onílé ṣèpàdé, wọ́n ní iwájú ilé gbogbo gbọ́dọ̀ rí bákan náà, wọ́n ní igbó ni lápálàpá mi, ó ń ba ẹ́sítéètì jẹ́. Wọ́n mú ọkùnrin kan tó ń ta òdòdó lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì wá. Ọkùnrin náà ní igi òun kì í kú, kì í fẹ́ omi púpọ̀, ewúrẹ́ kì í sì í fẹnu kàn án.

Ẹ gbọ́. Àwọn tó kàwé jókòó sí ìpàdé yẹn, lọ́yà wà níbẹ̀, ẹnjiníà wà níbẹ̀, ọmọ tèmi wà níbẹ̀. Kò sẹ́ni tó béèrè pé kí ló dé tí ewúrẹ́ ò fi í jẹ ẹ́.

"Ìwọ ńkọ́?" mo bi í. "Ìwọ tí mo tọ́ létí lápálàpá, o ò béèrè?"

"Mọ́mì, mo rò pé fúláwà lásán ni."

Ọmọ ẹni á dàgbà, á kọ́lé, á wá rò pé nǹkan tó ń so, tó ń tanná, lásán ni.

Nígbà tí oòrùn ń wọ̀, ọmọ náà lajú, ó yíjú wá ọmú. Ó mu díẹ̀, ó ké. Igbe ebi ni. Ìyá rẹ̀ bú sẹ́kún, ọmọ mi yíjú sí ògiri. Dókítà ní ọkàn rẹ̀ ti ń padà bọ̀ sípò, ṣùgbọ́n wọ́n ṣì máa ṣọ́ ọ fún ọjọ́ méjì. Mo ní kí ìyá rẹ̀ dúró tì í, mo padà sílé lọ kó aṣọ wá.

Ní géètì ẹ́sítéètì, mo pàdé alága àwọn onílé. Ẹgbẹ́ ọmọ mi ni. Ọlọ́dẹ géètì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo ro ẹjọ́ náà fún alága láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

"Ẹ kú àfojúbà, Mama. Ọlọ́run máa wò ó sàn. Ṣùgbọ́n fúláwà ò lẹ́bi níbẹ̀. Ta ló ń fún ọmọ ní fúláwà jẹ?"

"Ajá ń jẹ ẹ́," ọlọ́dẹ sọ jẹ́jẹ́.

A jọ wò ó. Ó ní ajá tó kú lọ́sẹ̀ tó kọjá, ti tíṣà tó ti fẹ̀yìntì nílé igun, òun rí i tó ń fi èso tó jábọ́ lára igi náà ṣeré, tó ń run ún lẹ́nu. Ọmọ ọ̀dọ̀ tíṣà ni wọ́n ní ó da oògùn eku tó pa ajá náà sílẹ̀. Wọ́n ti lé e lọ.

"O rí i, o ò sọ̀rọ̀?" mo bi í.

"Mama, ta ló máa gbọ́ tèmi?"

Alága ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Ó ní, "Ẹ kọ lẹ́tà wá, Mama. A máa gbé e yẹ̀ wò nípàdé tó ń bọ̀ lóṣù tuntun."

Lóṣù tuntun. Ilé mẹ́sàn-án ló ní ọmọ tó ń rá ní òpópónà wa. Mo ti kà wọ́n kí n tó dénú ilé.

Mo kó aṣọ lọ fún wọn lálẹ́ yẹn, mo padà wá sùn nílé. Lọ́jọ́ kejì, bí ilẹ̀ ṣe mọ́, mo fi ọ̀rá di ọwọ́ mi méjèèjì, mo mú àdá àti ọkọ́. Mo bẹ̀rẹ̀ níwájú ilé wa. Mi ò gé e lásán, nítorí pé yóò tún rú. Mo hú u tigbòǹgbò tigbòǹgbò, mo ṣa gbogbo èso tó wà nílẹ̀ sínú àpò ìrẹsì. Mi ò dáná sun ún, èéfín rẹ̀ náà ò dáa. Mo gbẹ́ ihò jíjìn lẹ́yìn ilé, mo bò ó mọ́lẹ̀. Lẹ́yìn náà mo lọ sílé igun, mo kan ilẹ̀kùn tíṣà, mo sọ ohun tó pa ajá rẹ̀ fún un, mo sì ní kó ránṣẹ́ pe ọmọ tó lé lọ. Òun fúnra rẹ̀ ló mú mi lọ síwájú ògiri rẹ̀. A hú tirẹ̀.

Nígbà tó fi máa di aago mẹ́wàá, mo ti dé iwájú ilé alága. Ó jáde wá pẹ̀lú ṣòkòtò péńpé, ó ń pariwo pé, "Mama! Mama! Ohun ìní ẹ́sítéètì lẹ ń bà jẹ́ yẹn o!"

Mi ò dìde. Mo ní kó bá mi mú ṣọ́bìrì wá, gbòǹgbò tirẹ̀ ti wọlẹ̀ ju tiwa lọ.